Nikon Coolpix P950 lórí òkè Èkìtì: ibi tí súùmù 83 dára sí, àti ibi tí kò ti lè ranni lọ́wọ́

Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀bá títì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tó gbé fóònù sókè sí àpáta Olósùnta, á rí i pé àpáta tó kún ojú òun kò kún ojú fóònù. Bí àwòdì bá bà lé e lórí, àmì dúdú tíńtín kan ló máa dà. Ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, kò ní tìtorí ẹ̀ súnmọ́ yín. Àwòrán kékeré yẹn náà ni fóònù ń nà, bí ìgbà téèyàn ń na aṣọ tó ti gbó, ibi tó ti já ló máa hàn. Ilẹ̀ olókè sì ni ilẹ̀ Èkìtì. Ohun tó wu èèyàn yà níbẹ̀ sábà máa ń wà lókè, tàbí ní òdìkejì àfonífojì, tàbí lórí ọ̀pẹ tí kò ṣeé gùn. Ìdí nìyẹn tí a fi gbà pé kámẹ́rà onísúùmù gígùn yẹ ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò níbí, bó bá ti mọ ohun tó ń rà.

Oṣù kìíní ọdún 2020 ni Nikon kéde irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kan, Coolpix P950. Dọ́là 799.95 ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Lẹ́ńsì kan ṣoṣo ló ní, kò ṣeé yọ, ó sì ń lọ láti 24mm dé 2000mm ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka lẹ́ńsì kámẹ́rà ńlá. Ìlọ́po 83 nìyẹn. Ká fi ohun tí ojú mọ̀ wọ̀n ọ́n: ní 24mm, ẹ dúró ní mítà mẹ́wàá sí ilé alájà kan, gbogbo ilé náà á wọlé. Ní 2000mm, tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà bá wà ní mítà 100, nǹkan bíi mítà 1.7 péré ní ìbú ló máa kún àwòrán. Lékèélékèé tó dúró lẹ́yìn màlúù ní òdìkejì pápá á ga tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwòrán náà, ẹ ó sì máa rí ìyẹ́ rẹ̀.

Pẹ̀lú bátìrì àti káàdì nínú rẹ̀, gíráàmù 1,005 ni, kílò kan ó lé díẹ̀. Èèyàn lè gbé e kọ́rùn gun àtẹ̀gùn lọ wo omi Arinta ní Ìpólé-Ìlórò láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n okùn fífẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá fún un. Ojú ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 3.2, ó ń ṣí síta, ó sì ń yí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ bíi fóònù. Ihò ìwò tí à ń fojú sí dára gan-an, àmì ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 2.36 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá súùmù méjì ló ní: ọ̀kan yí bọ́tìnì ìyafọ́tò ká, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì lẹ́ńsì. Ti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ máa lò. Ọwọ́ òsì tó gbé lẹ́ńsì ró ló máa fà á, ìka ọ̀tún á sì wà lórí bọ́tìnì, kò ní sí ìmìtìtì nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe rí 2000mm kó sínú ohun tó wúwo kílò kan? Sensor tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kéré ni. Nǹkan bíi mìlímítà 6.2 sí 4.6 ni, kò tó èékánná ọmọ ìka. Ti kámẹ́rà ńlá táwọn onífọ́tò òde ń gbé kiri jẹ́ 36 sí 24, ó fi bí ìlọ́po 30 fẹ̀ jù ú lọ. Nítorí pé sensor yìí kéré, lẹ́ńsì tó jẹ́ mìlímítà 357 ní tòótọ́ ti tó láti rí ohun tí 2000mm máa rí lórí kámẹ́rà ńlá. Ibẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni gbèsè rẹ̀ wà. Sensor kékeré kì í rí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ gbà, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ní ISO (nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ tó gbà lágbára tó) 100 sí 400, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere. Ní 800, ìyẹ́ ẹyẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ra. Tó bá dé 1600, àwọ̀ á ti ṣá, irun ojú èèyàn á dà bí ohun tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Ó lè dé 6400, ṣùgbọ́n ẹ má bá a débẹ̀.

Gbèsè kejì kì í hàn sójú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń rà á. Ní 2000mm, ihò lẹ́ńsì ò lè fẹ̀ ju f/6.5 lọ (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe pọ̀ sí ni ihò ṣe ń kéré sí). Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò bẹ́ẹ̀ kọjá máa ń tàn ká díẹ̀, débi pé ẹyọ ojú ìmọ́lẹ̀ kan á nà kọjá bíi pixel mẹ́fà (pixel ni àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) lórí sensor tí pixel rẹ̀ kéré tó báyìí. Nítorí náà, mẹgapíksẹ́lì 16 tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe 16 tòótọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá fa lẹ́ńsì dé òpin. Ẹni tó bá tún dín ihò náà kù sí f/8, tó rò pé òun ń mú àwòrán mú bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí kámẹ́rà ńlá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ba á jẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ ní f/6.5. Èyí kò ní kí àwòrán náà máà wúlò o. 4608 sí 3456 pixel ni, ó tó tẹ̀ ní ínǹṣì 15 sí 11 ní àmì 300 fún ínǹṣì kan, ìwé A4 tí wọ́n máa fi há ògiri kò sì ní fi àbùkù kankan hàn.

Ẹni tó bá ti fa súùmù dé òpin kó tó wá ẹyẹ ò ní rí i. Ojú ọ̀run tàbí ewé lásán ló máa rí, nígbà tó bá sì máa fi mọ ibi tó wà, ẹyẹ ti fò lọ. Bó ṣe yẹ kó rí rèé: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ẹyẹ sí àárín gbùngbùn, kẹ́ ẹ fà á dé bíi 500mm, kẹ́ ẹ tún un gbé sí àárín, kẹ́ ẹ tó fà á dé òpin. Bó bá bọ́ mọ́ yín lójú, ẹ tẹ bọ́tìnì ìpadà-sẹ́yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, ẹ má jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́ńsì á padà sẹ́yìn kẹ́ ẹ lè rí ibi tí ẹyẹ wà. Bẹ́ ẹ bá jọ̀wọ́ bọ́tìnì, á tún lọ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Bọ́tìnì yìí nìkan tó ìdí téèyàn fi lè yan kámẹ́rà yìí. Àwọn tó fẹ́ ya àwòdì lójú òfuurufú lè ra ohun ìfojúsùn DF-M1 tí Nikon ń tà lọ́tọ̀, orí ibi tí wọ́n ń fi fláàṣì sí ni wọ́n ń gbé e sí. Àmì pupa kan á hàn nínú rẹ̀. Ẹ gbé àmì náà lé ẹyẹ lórí láìfi ojú sínú ihò ìwò, ẹyẹ á wà nínú àwòrán.

Tí ìmìtìtì ọwọ́ ńkọ́? Nikon sọ pé agbára ìmúdúró inú lẹ́ńsì tó ìpele 5.5, ṣùgbọ́n ní bíi 350mm ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní 2000mm, ẹ má gbọ́kàn lé iye yẹn. Ohun tó bá dúró sójú kan, ẹ lo shutter 1/250, ìyẹn ni pé kámẹ́rà á la ojú fún ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹyẹ orí ẹ̀ka tó ń yí orí, 1/500. Èyí tó ń fò, 1/1000 ó kéré tán, oòrùn sì gbọ́dọ̀ ràn dáadáa kí ISO má bàa gùn lọ. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì kan ìhà, ẹ fi ihò ìwò ti iwájú orí, ẹ mí síta, kẹ́ ẹ tó rọra tẹ bọ́tìnì. Ojú ẹ̀yìn tẹ́ ẹ nà jìnnà sára ò dára fún iṣẹ́ yìí. Bẹ́ ẹ bá gbé kámẹ́rà lé tripod ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ pa agbára ìmúdúró náà, torí yóò máa wá ìmìtìtì tí kò sí, òun fúnra rẹ̀ á sì mú àwòrán mì. Ẹ so àpò òkúta mọ́ àárín tripod bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lórí òkè, kẹ́ ẹ sì fi rímóòtù ML-L7 tàbí aago inú kámẹ́rà yà á dípò kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Nínú ètò ISO, ẹ yan èyí tó fi ààlà sí 100 sí 400 tàbí 100 sí 800. Ẹ fi ojú ìfojúsùn sí èyí tó kéré jù lọ tẹ́ ẹ lè fọwọ́ ara yín gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ sí U lórí róbótó tí à ń yí lókè kámẹ́rà, kẹ́ ẹ má bàa máa wá a kiri ní gbogbo ìgbà. Àwòrán ẹyẹ wà lórí róbótó náà fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n lò, kò burú fún ìbẹ̀rẹ̀. Níbi igi ọ̀pẹ tí ẹ̀gà ti ń hun ìtẹ́, kámẹ́rà á máa fojú sun imọ̀ ọ̀pẹ tó wà níwájú dípò ẹyẹ. Ẹ yí i sí ìfojúsùn ọwọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ó fi àwọ̀ hàn yín ní etí ohun tó mú. Ẹ rántí pé ní òpin súùmù, kò lè mú ohun tí kò bá tó mítà márùn-ún sí i. Bó bá ń lọ síwá-sẹ́yìn láìmú nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ti súnmọ́ jù. Ó lè ya fọ́tò méje ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀kẹwàá ló máa dúró láti kọ wọ́n sórí káàdì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ nígbà tí àwòdì ń rà bàbà. Ẹ dúró dìgbà tó bá já wálẹ̀.

Ohun tó ń ba àwòrán jẹ́ jù lọ ní Èkìtì kò sí lára kámẹ́rà rárá. Ooru ni. Àpáta tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ á máa tú ooru jáde, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gòkè dà pọ̀ mọ́ èyí tó tutù, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín wọn kọjá á sì máa ṣẹ́. Òun náà ló ń mú kí ọ̀dà títì dà bí omi lójú awakọ̀ lọ́sàn-án. Lójú lásán, a kì í kà á sí. Ní 2000mm, á di ìgbì. Tripod ò lè tún un ṣe, shutter tó yá ò lè tún un ṣe, kámẹ́rà tó wọ́n jù ú lọ náà ò lè tún un ṣe. Ẹni tó bá ń sọ pé lẹ́ńsì P950 ò mú dáadáa, ó lè jẹ́ pé ọjọ́kanrí ló ya àwòrán tó fi dá a lẹ́jọ́, láti ọ̀nà tó jìn tó kìlómítà kan.

Kẹ́ ẹ tó ya ohunkóhun, ẹ fojú sínú ihò ìwò, kẹ́ ẹ wo etí páánù ilé kan tó wà lọ́nà jíjìn. Bí etí náà bá ń jó, ẹ má fi bátìrì ṣòfò. Ẹ rìn súnmọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà, tàbí kẹ́ ẹ padà lọ́la. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ló dára jù. Lẹ́yìn òjò tún dára, torí òjò ti fọ eruku ojú ọ̀run, ó sì ti mú àpáta tutù. Ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ òwúrọ̀, nítorí àpáta ò tíì tutù nígbà náà. Ẹ gba orí igbó yà á kọjá, ẹ má gba orí òrùlé páánù tàbí orí ọ̀dà títì. Ẹ má jókòó sínú ọkọ̀ tí ẹ́síì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ máa yà á láti ojú fèrèsé tẹ́ ẹ ṣí. Afẹ́fẹ́ tútù inú ọkọ̀ àti gbígbóná ìta á pàdé níwájú lẹ́ńsì gan-an. Ní àgbègbè Ẹ̀fọ̀n Alààyè àti Ìkọ́gòsì, ìkùukùu òwúrọ̀ lè bo òkè pátápátá. Ẹ ní sùúrù fún un, nígbà tó bá ń ká sókè díẹ̀díẹ̀ ni àwòrán tó dùn jù níbẹ̀ máa ń wá.

Òṣùpá ni kámẹ́rà yìí ti yọrí jù. Ní òpin súùmù, á gbà tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga àwòrán. Àmì òṣùpá wà lórí róbótó, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara ẹni dára jù: ẹ yí i sí M, f/6.5, ISO 100, 1/250 fún òṣùpá àrànmọ́jú. Bó bá jẹ́ ìdajì òṣùpá, ẹ dín in sí bíi 1/100. Ìdajì òṣùpá yìí la máa gbà yín níyànjú láti yà, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ti ń ràn sí i, òjìji àwọn kòtò ojú rẹ̀ á gùn, á sì hàn. Àrànmọ́jú kì í ní òjìji, ó máa ń rí pẹrẹsẹ. Òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn òkè ń gba inú afẹ́fẹ́ àti eruku púpọ̀ kọjá, ẹ jẹ́ kó gòkè dáadáa.

Ọyẹ́ ni ìgbà tó léwu jù fún un. Lẹ́ńsì yìí ń nà jáde bó bá ń súnmọ́ nǹkan, ó sì ń wọlé padà. Bó ṣe ń nà, ó ń fa afẹ́fẹ́ gba àlàfo ara rẹ̀ wọlé, eruku á bá a wọlé. Gilaasi ìdáàbòbò 67mm tí wọ́n ń dè síwájú lẹ́ńsì á gba ìka àti ìyànrìn, ẹ rà á, ṣùgbọ́n kò lè dí àlàfo yẹn. Ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ kíkankíkan, ẹ má ṣe máa fà á síwá-sẹ́yìn lásán, ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ara lẹ́ńsì nígbà tó ṣì wà ní nínà, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó wọlé. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin ló kàn. Kámẹ́rà yìí kò ní ìdáàbòbò lọ́wọ́ omi. Bó bá pẹ́ nínú àpò tó ní ọ̀rinrin, inú gilaasi rẹ̀ lè bu bí búrẹ́dì, ìlà funfun bí òwú aláǹtakùn á wà nínú rẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe máa nù ún. Ẹ wá ike oúnjẹ tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin, kẹ́ ẹ kó àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sínú rẹ̀, mẹ́rin tàbí márùn-ún, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Níbi ọdún ìbílẹ̀, bí Udírókò ní Adó tàbí ọdún Ògún ní Ìrè-Èkìtì, súùmù gígùn ń jẹ́ kéèyàn dúró jìnnà, kó má dí àwọn tó ń ṣọdún lọ́nà. 200mm sí 600mm ti tó. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n gbà kí wọ́n yà. Jíjìnnà lẹ́ńsì kò sọ ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má wò di ohun tẹ́ ẹ lè wò.

Ẹni tó ń wá kámẹ́rà ìgbéyàwó nínú gbọ̀ngàn, kó má ra èyí. Iná gbọ̀ngàn kì í tó o, ISO á sáré kọjá 1600, ọmọ tó ń jó á di òjìji. Fóònù tuntun tó dáa á ṣe é jù ú lọ níbẹ̀. Fídíò rẹ̀ jẹ́ 4K, fọ́nrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ihò maikirofóònù wà lára rẹ̀. Ó dára lórí tripod.

Bátìrì rẹ̀, EN-EL20a, ń ya bíi fọ́tò 290 kó tó tán, ẹni tó bá ń fa súùmù kiri kò ní rí iye yẹn. Ẹ ra méjì kún un, pẹ̀lú ìgbaná tó wà lọ́tọ̀, nítorí okùn Micro-USB inú páálí ń gbaná sí bátìrì nínú kámẹ́rà, bátìrì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ẹ gba iná sí gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Fún káàdì, SD tí wọ́n kọ U3, àmì ìyára, sí lára ni kẹ́ ẹ rà. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà: ẹ fi fídíò kún un pátápátá, kẹ́ ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin lórí kọ̀ǹpútà. Bí òpin ò bá ṣí, ẹ dá a padà.

Canon PowerShot SX70 HS tó jáde ní 2018 ni ìkejì rẹ̀. Gíráàmù 610 péré ni, mẹgapíksẹ́lì 20.3, láti 21mm dé 1365mm. Sensor wọn kò jura wọn lọ. Fún arìnrìn-àjò tí kò fẹ́ ẹrù, òun la máa yàn. Nikon P1000 dé 3000mm, ṣùgbọ́n gíráàmù 1,415 ni, ní òpin súùmù sì f/8 ni, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀ dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta sí ti P950. Pẹ̀lú ooru ilẹ̀ wa, ìyókù 1000mm yẹn kì í sábà wúlò.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ máa rà. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ fà á dé òpin kẹ́ ẹ sì dá a padà ní ìgbà mẹ́wàá. Bí ó bá ń ṣe kèékèéké bí ẹni lọ yanrìn, tàbí tó dúró lágbedeméjì, ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti ń jẹ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síwájú lẹ́ńsì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ wá ìlà funfun. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí i sí A, níbi tẹ́ ẹ ti lè fọwọ́ yan ihò lẹ́ńsì, f/8, kẹ́ ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run, kẹ́ ẹ fẹ àwòrán náà lójú ẹ̀yìn. Àmì eérú róbótó tí kò kúrò lójú kan nínú fọ́tò méjì, eruku orí sensor ni, àwọn tó mọ iṣẹ́ nìkan ló lè tú u láti nù ún. Ẹ dín owó iṣẹ́ yẹn kúrò nínú iye tí wọ́n bá pè, tàbí kẹ́ ẹ wá òmíràn.